Àpò ẹ̀fọ́ tí mo rà lọ́wọ́ Dókítà

Aránṣọ ni mí, Òkè-Àdó n'Ìbàdàn ni mò ń gbé. Láńdíọ̀ọ̀dù wa ti fi kọnkéré rẹ́ gbogbo àgbàlá, koríko pàápàá kò ríbi hù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba iwájú NIHORT kọjá ní Ìdí-Ìṣin, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí èso àti ẹ̀fọ́ láti 1975. Èrò mi ni pé olóko ńlá nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Àfi ìgbà tí oníbàárà mi kan mú mi lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ yunifásítì kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà, tó ń ṣèwádìí ẹ̀fọ́ gbígbìn nígboro, tó sì ń ta àpò elérùpẹ̀ tó ti ṣe tán fún ẹ̀fọ́ gbígbìn. ₦5,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ra mẹ́ta.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn wù mí. Òkúta wẹ́wẹ́ dúró láàárín àpò bí òpó, láti ìsàlẹ̀ dókè, kí omi lè ráyè dé ìdí. Erùpẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ ló yí i ká. Mo gbóòórùn rẹ̀ kí n tó sanwó, torí ìgbẹ́ adìyẹ tí kò tíì jẹrà á jó ẹ̀fọ́ ni. Kò rùn rárá. Wọ́n sì lu ihò sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ̀fọ́ lè hù lórí, kó tún hù lára.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò pé tí mo fi já tẹ̀tẹ̀ se ọbẹ̀. Wọ̀rọ̀wọ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Abẹ́ kòkó ni ìyá mi ti máa ń já a lábúlé, ìbòòji ló fẹ́. Mo bá gbé àpò rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná tí oòrùn kì í dé. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ra wọ̀rọ̀wọ́ lọ́jà kẹ́yìn.

Ti ewédú ló bí mi nínú. Ọjọ́ mẹ́wàá, mo ń wo àpò, àpò ń wò mí. Mo béèrè lórí WhatsApp, ọmọ iṣẹ́ wọn ní kí n ṣáà máa bomi rin ín. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan l'Ọ́jàa'ba ló là mí lóye: èèpo kóró ewédú le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi híhó, ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ sá a kó gbẹ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó hù. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí sára ọ̀rá tí ẹ ń bu kóró sí!

Àpò náà wúwo o. Ibi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gbé e sí ni kẹ́ ẹ fi í sí. Mo sún ti tẹ̀tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ya nídìí, omi ẹlẹ́rùpẹ̀ ṣàn dé ẹnu ọ̀nà láńdíọ̀ọ̀dù. Ìdì tẹ̀tẹ̀ méjì ni mo fi tù ú lójú. Ìyàwó rẹ̀ sì ti ní bí mo bá tún ń lọ, kí n bá òun mú àpò kan bọ̀.