Pioneer SX-780 àtijọ́: ṣé ó yẹ kí ẹ tún un ṣe?

Bí ẹ bá rí Pioneer SX-780, ẹ̀rọ tó ní rédíò àti amplifáyà pọ̀, ní tòkúnbọ̀ ní Alábà, ẹ má jẹ́ kí iná mítà tó ń tàn yọ̀yọ̀ tàn yín jẹ. Ìdọ̀tí ara rẹ̀ kò ṣe nǹkan, fólúùmù tó ń ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà kò ṣe nǹkan. Nǹkan méjì ló ń pinnu: tiransifọ́mà, àti STK-0050 méjì, ìyẹn àwọn IC tó ń fún ohùn lágbára láti wọ sípíkà, tí wọ́n dè mọ́ irin tó ń gba ooru. Bí méjèèjì bá pé, ẹ tún un ṣe, ẹ ò ní kábàámọ̀. Bí tiransifọ́mà bá ti jó, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ tú u tà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, 120 fóòtì nìkan ló ń jẹ. Bí ẹ bá kì í bọ 230 tiwa tààrà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Stepdown, ìyẹn tiransifọ́mà ìta tó ń rẹ 230 wálẹ̀ sí 120, ló gbọ́dọ̀ máa lò.

Kí iná tó wọ inú rẹ̀ ní kíkún, ẹ so gúlóòbù 100 wáàtì àtijọ́ tó ń gbóná, kì í ṣe LED, sójú wáyà iná kan tó ń lọ síbẹ̀, kí iná gba inú gúlóòbù náà kọjá. Bó bá tàn fòò tó sì rọlẹ̀, ó dára. Bó bá ń tàn gbòò láìrọlẹ̀, nǹkan ti ṣọ́ọ̀tì nínú, STK tàbí rẹkitifáyà (èyí tó ń sọ iná AC di DC) ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó bá yege, ẹ yọ gúlóòbù kúrò, ẹ má tíì so sípíkà, kí ẹ fi mítà wọn DC (iná irú ti bátìrì, tí kò yẹ kó dé sípíkà) lójú sípíkà ọ̀tún àti tòsì. Tí kò bá kọjá 50 millivolt, kí ọkàn yín balẹ̀. Bí relay (súwíìṣì inú tó ń so sípíkà mọ́ ẹ̀rọ) kò bá dún “ká” lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ẹ má sáré pààrọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé DC ló rí tó fi dínà. Ẹ wọn ojú tí iná ń gbà wọ inú relay kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

STK gan-an lọ̀rọ̀ wà. Sanyo tó ń ṣe é ò ṣe é mọ́, púpọ̀ nínú “tuntun” tó wà lọ́jà sì jẹ́ ayédèrú tí inú rẹ̀ kò lè gba ẹrù. Ó lè kọrin dáadáa ní fólúùmù kékeré. Ẹ yí i sókè báyìí, ó bú, bí ojú relay bá sì ti lẹ̀ pọ̀, ó di kí sípíkà bá a lọ. Ojúlówó tí wọ́n tú lára ògbólógbòó ẹ̀rọ mìíràn ni kí ẹ wá. Ẹ ha thermal paste gbígbẹ (ìpara tó ń gbé ooru lọ sára irin) kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi tuntun pa á fẹ́ẹ́rẹ́.

Kàpásítọ̀, tó ń tọ́jú iná pamọ́ díẹ̀, rọrùn láti pààrọ̀. Èyí tí wọ́n kọ 105°C sí lára ni kí ẹ rà. Fóòtì rẹ̀ lè ju ti àtijọ́ lọ, kò gbọ́dọ̀ dín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa yọ, kí ẹ wo ẹsẹ̀ tó jẹ́ negative kí ẹ tó jó léèdì sí i. Fólúùmù àti súwíìṣì, contact cleaner (omi fífọ́n tó ń fọ ojú iná) ni kí ẹ fi fọ̀ wọ́n, kì í ṣe WD-40.

Ní ti ohùn, wáàtì 45 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sórí sípíkà 8 ohm kò dàbí 1,000 wáàtì tí wọ́n ń kọ sára páálí àwọn tuntun, àmọ́ òótọ́ ni tirẹ̀. Gángan ń dún yàtọ̀ sí jìtá báàsì, wọn kì í pò pọ̀. Ohùn rẹ̀ yóò kún pálọ̀, kò tó fún òde àríyá.

Ihò orí rẹ̀ ni ooru STK ń gbà jáde, nítorí náà ẹ má gbé díkódà tàbí DVD lé e.