Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì Onírọ́bà àbí Pẹlẹbẹ: Èwo Ni Kí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ìránṣọ Rán?

Pẹlẹbẹ, èyí tí kò ní rọ́bà létí, kò gbà ju kí ẹ gé aṣọ kó gún, kí ẹ ká etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì rán an yí ká. Bí kò bá sí maṣíìnì nílé, abẹ́rẹ́ ọwọ́ lè ṣe é, ẹ ṣáà ní sùúrù.

Onírọ́bà, èyí tí rọ́bà etí rẹ̀ ń di fóòmù mú, gba ìṣirò. Ká ní fóòmù yín ga ní íńṣì 8, tí ẹ sì fẹ́ kí íńṣì 3 wọ abẹ́ rẹ̀: ẹ fi íńṣì 22 kún ìbú fóòmù, ẹ fi 22 kún gígùn rẹ̀, kí ẹ wá gé íńṣì 11 níbùú-lóròó kúrò ní igun kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó rán igun náà pọ̀. Ẹ ó tún fi ti ojú ìrán àti ojú ọ̀nà rọ́bà kún un. Bí ẹ bá gé e kéré, kò ní wọ fóòmù mọ́. Ti pẹlẹbẹ, abẹ́ fóòmù ló máa ń bo irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Pẹlẹbẹ lè jẹ aṣọ díẹ̀ sí i. Onírọ́bà ń fi owó rọ́bà kún un. Rọ́bà yìí ló sì kọ́kọ́ ń dẹ̀, pàápàá bí omi gbígbóná bá ń kàn án lemọ́lemọ́. (Bó bá jẹ́ àǹkárá, ẹ lè ní láti so méjì pọ̀ kó tó bo fóòmù: kì í sábà fẹ̀ ju nǹkan bí íńṣì 45 lọ.)

Fún ọmọ tó ń yí kiri lóru, onírọ́bà ni mo máa rán, torí kì í tètè tú. Bí fóòmù inú ilé bá ga jura wọn lọ, tàbí ẹ fẹ́ pààrọ̀ fóòmù láìpẹ́, pẹlẹbẹ ló yẹ yín.