Commodore 64 tàbí ZX Spectrum: Èwo Ni Kí Ẹ Náwó Lé?

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni méjèèjì. Ọdún 1982 ni Commodore 64 jáde ní Amẹ́ríkà, tí Spectrum náà sì jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kẹ́ àìmọye ni wọ́n ṣe nínú méjèèjì, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí olùtà kankan fi "kò wọ́pọ̀ mọ́" gbowó gọbọi lọ́wọ́ yín. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni èyí tí inú rẹ̀ ṣì pé.

Ibẹ̀ gan-an ni Commodore ti ń dójú tini. SID, ṣíìpù ẹlẹ́sẹ̀ 28 tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, làwọn olórin ṣì ń wá kiri, torí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti kógbá wọlé. Àwọn kan á yọ ọ́ tà, wọ́n á dé ẹ̀rọ náà padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ta tèmi búra pé kò sẹ́ni tó tú u rí. Mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta abẹ́ rẹ̀, ihò lásán ni mo bá. Mo pè é, kò gbé fóònù. SID tí mo wá rà lọ́tọ̀, ayédèrú ni: wọ́n ha ojú rẹ̀, wọ́n wá tẹ 6581, nọ́ńbà SID gidi, lé e. Ẹ fi òwú tó ní ásítónì, èyí tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, nù ún. Bí nọ́ńbà bá bá òwú lọ, ẹ dá a padà. Kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀ ránṣẹ́. Olùtà tó bá ní òun ò ní súkúrú-díráfà, ẹ fi í sílẹ̀.

Páwà (àpótí tó ń gbé iná wọ ẹ̀rọ): ti Commodore lè kú lójijì, kí iná ga ju fólítì 5 lọ, kó sì jó àwọn ṣíìpù mẹ́mọ̀rì. Bó dára lórí mítà lónìí, kò ní kó má bàjẹ́ lọ́la. Ẹ ra tuntun. Inú ẹ̀rọ ni Spectrum ti ń sọ fólítì 9 di 5, nítorí náà ewu yìí ò tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Bọ́tìnì: ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ bọ́tìnì Spectrum máa ń gbẹ, á sì sán. Tuntun wà lọ́jà, kò wọ́n.

Àwọ̀: Commodore 64C, ẹ̀dà tó jáde lẹ́yìn tí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, máa ń pọ́n. Spectrum dúdú, kò hàn lára rẹ̀.

Páálí àti ìwé: wọ́n ń bu owó kún méjèèjì.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, tí orin SID sì ń wù, kó ra Commodore, pàápàá àwọn àkọ́kọ́ tó ní lébẹ́ẹ̀lì fàdákà. Orin rẹ̀ ò láfiwé lóòótọ́. Ẹni tó fẹ́ fọkàn balẹ̀, Spectrum. Àwọn àkọ́kọ́ tí bọ́tìnì wọn ní àwọ̀ eérú ló lówó lórí jù. Èyí tí mẹ́mọ̀rì rẹ̀ jẹ́ 16K (kìlóbáìtì 16), tí wọn ò tíì sọ di 48K, kì í pẹ́ lọ́jà. Bí ẹ bá rí i, ẹ tètè sanwó.