Fáìlì orin tàbí líǹkì: èwo ni kí a fi ránṣẹ́?

Àwọn olólùfẹ́ àpàlà àti sákárà tí wọ́n ń pín orin Haruna Ishola tàbí Yusuf Olatunji lórí WhatsApp sábà máa ń béèrè bóyá fáìlì orin gan-an ni ó yẹ kí àwọn fi ránṣẹ́, tàbí líǹkì YouTube.

Fáìlì MP3 tí ó jẹ́ 128 kbps (ìwọ̀n dátà tí orin ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan) ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì kan fún ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ojú kan àwo àtijọ́, tí ó lè tó ìṣẹ́jú 20, yóò jẹ tó mẹ́gábáìtì 20; ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó ná dátà náà. Líǹkì kò wúwo láti fi ránṣẹ́, àmọ́ ó sábà máa ń jẹ dátà nígbàkígbà tí a bá tún orin náà gbọ́, ó sì lè kú lójijì bí ẹni tí ó gbé e síbẹ̀ bá yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀tọ́ olórin ni ó ká mi lára jù. Fáìlì tí ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ kì í mú kọ́bọ̀ dé ọ̀dọ̀ olórin tàbí àwọn ọmọ rẹ̀, nígbà tí líǹkì láti ojú-ewé ẹni tí ó ni orin lè mú owó wọlé fún un.

Bí irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ bá wà, líǹkì ni mo fara mọ́. Fún àgbàlagbà tí dátà rẹ̀ kò tó nǹkan, tàbí fún àwo tí a kò rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, fáìlì ni ó sàn, bí ẹni tí ó ni orin bá yọ̀ǹda, tí a sì kọ orúkọ olórin àti ti àwo mọ́ ọn.