Láti Galveston dé éápọ́ọ̀tì Houston lẹ́yìn cruise: bọ́ọ̀sì, Uber, mọ́tò háyà, àbí ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbé Alief?

Galveston ní Texas, èbúté tí ọkọ̀ cruise (ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́) ti máa ń gbéra, ò ní éápọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ ti máa wọ bàálù lọ sílé o. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ àwọn tó jẹ́ pé orí ọkọ̀ ojú omi níbi tí wọ́n ti ń jẹun ni wọ́n ti gbọ́. Pápá kékeré kan wà níbẹ̀ lóòótọ́ tí wọ́n ń pè ní Scholes, àmọ́ bàálù aládàáni àti hẹlikọ́pítà ló ń lò ó, iléeṣẹ́ bàálù Southwest ò débẹ̀, United ò débẹ̀. Houston lẹ máa lọ, Houston sì ní éápọ́ọ̀tì méjì, Hobby àti Bush tí tíkẹ́ẹ̀tì máa ń kọ ní IAH. Gbogbo ẹni tó bi mí ló ń béèrè pé Uber ni àbí bọ́ọ̀sì, èmi sì máa ń dá wọn lóhùn pé owó tẹ́ ẹ máa ná lórí ilẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lẹ ti ná an.

Hobby àbí IAH

Láti èbúté dé Hobby, nǹkan bíi máìlì 40 ni, tí ọ̀nà bá dáa ẹ máa lò tó ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. IAH ní tiẹ̀ wà lódìkejì Houston pátápátá, ó lé ní máìlì 70, ẹ máa gba ọ̀nà márosẹ̀ I-45 wọ àárín ìlú, ẹ máa la àárín ìlú yẹn já, ẹ ṣì máa rìn lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ fọkàn sí wákàtí kan àbọ̀, tó bá sì jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ tí gosíló wà ní I-45 (ìgbà wo ni kì í sí?) ẹ fi kún un.

Ọ̀pọ̀ wa máa ń wo owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Ẹ á rí ti IAH tó fi dọ́là 30 dín sí ti Hobby, inú yín á dùn, ẹ ò mọ̀ pé ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, owó Uber ẹ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, dọ́là 30 yẹn ò ní kúrò ní Texas. Tó bá jẹ́ Baltimore, Dallas, Chicago tàbí Atlanta lẹ ń lọ, ẹ kọ́kọ́ wo Hobby. Southwest ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwa ará Maryland sì mọ̀ wọ́n dáadáa torí wọ́n ti sọ BWI, éápọ́ọ̀tì Baltimore, náà dilé. Àmọ́ Southwest ayé ìgbà yẹn kọ́ ni mọ́ o, báàgì méjì ọ̀fẹ́ tá a fi ń yangàn ti lọ, tíkẹ́ẹ̀tì téèyàn rà láti ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2025 ń sanwó báàgì, àfi tẹ́ ẹ bá ra èyí tó wọ́n jù tàbí tẹ́ ẹ ní káàdì wọn. Ẹ fi owó báàgì kún un kẹ́ ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ̀kú.

IAH, ilé United nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ bàálù ńlá tó ń lọ òkè òkun ti ń gbéra, Qatar, Turkish, Lufthansa, Air France. Tó bá jẹ́ pé láti orí omi lẹ fẹ́ gba Lagos lọ tààrà (àwọn ìyá tó wá kí ọmọ tí wọ́n wá mú wọn lọ cruise kí wọ́n tó padà sílé, mo rí wọn gan-an), ẹ mọ̀ pé United ò gbé èèyàn láti Houston lọ Lagos ní tààrà mọ́ látọdún 2016, Washington Dulles lẹ máa kọ́kọ́ gbà. Ti Delta máa gba Atlanta, ìyẹn sì wà láti Hobby náà. Fún ẹni tó ní ẹrù Lagos, mo máa ní kẹ́ ẹ sùn sí Houston lọ́jọ́ yẹn kẹ́ ẹ fò lọ́jọ́ kejì, ẹ má jẹ́ kí màmá máa sáré nínú éápọ́ọ̀tì.

Kùrukùru

Oríṣi nǹkan kan wà tí àwọn tó ń ta cruise kì í pariwo ẹ̀. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, kùrukùru máa ń bo ẹnu ọ̀nà omi Galveston, tó bá sì ti ki jù, àwọn paílọ́ọ̀tì tó ń gun ọkọ̀ láti darí ẹ̀ wọ èbúté ò ní gùn ún, ọkọ̀ yín á dúró síta lójú òkun, ẹ á máa wo ojú ara yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tá a lọ, oṣù Kejì ni, mo ti ra fláìtì aago 11 àárọ̀ láti IAH torí mo rò pé mo gbọ́n, aago 10 lu wa lórí omi, a ò tíì fojú kan ilẹ̀. Fláìtì lọ. Iléeṣẹ́ bàálù gbé wa sí ti alẹ́, wọ́n sì gba owó àfikún tí mi ò fẹ́ rántí.

Torí náà ìlànà tèmi báyìí: ti Hobby, mi ò ra ohun tó gbéra ṣáájú aago 12 ọ̀sán, ti IAH aago 1 àbọ̀ sókè, tó bá sì jẹ́ àsìkò kùrukùru mo máa ra ti ìrọ̀lẹ́ pátápátá. Kódà lọ́jọ́ tí kò sí kùrukùru, ọkọ̀ á ti gúnlẹ̀ láàárọ̀ kùtù lóòótọ́, àmọ́ èèyàn tó lé ní 5,000 ló máa wà lórí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lo ibẹ̀ báyìí, bíi Carnival Jubilee, gbogbo wọn ló sì máa gba iwájú àwọn ìmígíréṣọ̀n kọjá. Ẹni tó bá lè gbé ẹrù ẹ̀ fúnra ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jáde, ẹni tó bá gbé báàgì síta yàrá lálẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ máa dúró kí wọ́n pe nọ́ńbà ẹ̀. Ẹ má sì kó èso tàbí ẹran kúrò lórí ọkọ̀ jọ̀ọ́, ọ̀sàn kan ṣoṣo nínú báàgì ìyàwó mi dá wa dúró.

Wàyí o, kí lẹ máa wọ̀

Bọ́ọ̀sì tí iléeṣẹ́ cruise ń tà ló rọrùn jù fún ọkàn. Wọ́n á mú yín lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á já yín sílẹ̀ níwájú éápọ́ọ̀tì, wọ́n mọ̀ tí ọkọ̀ bá pẹ́ torí ọkọ̀ tiwọn ni, wọn ò ní lọ fi yín sílẹ̀. Fún èèyàn kan tàbí méjì tó ń lọ IAH, mi ò rí ohun tó dáa tó o. Ibi tó ti ń dun èèyàn ni pé orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ka owó lé. Ká ní wọ́n ní dọ́là 40 lórí ẹnì kan, ẹ̀yin mẹ́rin ti di 160, mọ́tò ńlá tó jẹ́ tiyín nìkan lè má tó bẹ́ẹ̀ dé Hobby. Ó sì máa ń dúró kó kún, ẹ̀yin á ti jókòó, àwọn kan á ṣì wà lórí ọkọ̀ tí wọ́n ń wá fọ́ọ̀nù.

Bọ́ọ̀sì kékeré aládàáni tẹ́ ẹ máa bá àwọn ẹlòmíì pín, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, owó ẹ̀ kàn máa ń dín díẹ̀, àmọ́ ó ní aago tiẹ̀ tó máa ń gbéra. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó: tí ọkọ̀ bá pẹ́, ṣé ẹ máa dúró dè mí? Tí wọ́n bá ń kálòlò, ẹ wá ibòmíì.

Uber àti Lyft. Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún Hobby, àgàgà tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Mọ́tò kan, owó kan. Àmọ́ láàárín aago 8 sí 10 àárọ̀ gbogbo èèyàn ló ń tẹ fọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà, owó á fò sókè bí owó tòmátò lásìkò òjò, mo ti rí i tó lọ sókè tó tún padà wálẹ̀ láàárín ogójì ìṣẹ́jú, ohun tá a ṣe ni pé a rìn lọ sí àdúgbò Strand tí kò jìnnà sí Terminal 25 ní èbúté, a mu kọfí, a pè é níbẹ̀. Nọ́ńbà tẹ́míná náà ṣe pàtàkì o, 25 àti 28 sún mọ́ra, àmọ́ 10 tí iléeṣẹ́ cruise Royal Caribbean ń lò wà lápá ìlà oòrùn, 16 sì tún wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, dírẹ́bà tó bá lọ dúró síbòmíì ẹ̀yin lẹ máa sanwó ìdúró. Uber XL, mọ́tò ńlá tí wọ́n ní èèyàn mẹ́fà ni, èèyàn mẹ́fà láìsí ẹrù ni wọ́n ń sọ. Mẹ́fà pẹ̀lú báàgì cruise, Ghana-must-go kan àti àpò tí ìyá yín ra ní Cozumel ní Mexico, ìyẹn ti di mọ́tò méjì.

Ẹ̀yin tó ní ọmọ kékeré ẹ gbọ́ o. Òfin Texas ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 gbọ́dọ̀ wà nínú àga ọmọdé, àfi tó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínǹṣì mẹ́sàn-án lọ. Dírẹ́bà lè wo ọmọ yín kó ní òun ò gbé e, ẹ ò sì lè bínú sí i. Ẹ gbé àga yín dání láti ilé, tàbí kẹ́ ẹ bá iléeṣẹ́ tó ń gbé mọ́tò aládàáni ṣàdéhùn ṣáájú, àwọn yẹn máa ń ní i tẹ́ ẹ bá béèrè. Mọ́tò aládàáni yìí náà ni mo máa ní kí ìdílé èèyàn mẹ́fà sí mẹ́wàá gbà, tàbí ẹni tó ń mú àgbàlagbà tí kò lè rìn púpọ̀ dání. Ó wọ́n tẹ́ ẹ bá wo iye ẹ̀ lódidi, ẹ pín in sí orí yín kẹ́ ẹ tún wò ó.

Mọ́tò háyà, tẹ́ ẹ máa gbà ní Galveston kẹ́ ẹ já a sílẹ̀ ní éápọ́ọ̀tì, ó dáa lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń padà wá lópin ọ̀sẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ́fíìsì wọn ń ṣí lọ́jọ́ Sunday, ẹ wo owó tí wọ́n ń gbà torí pé ibòmíì lẹ já a sí, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀nà olówó tó ń fi kámẹ́rà ya nọ́ńbà mọ́tò, iléeṣẹ́ tó ni mọ́tò á bu tiwọn lé e. Ní IAH, ibi tẹ́ ẹ máa dá a padà sí jìnnà sí tẹ́míná, ẹ ṣì máa wọ bọ́ọ̀sì. Àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ lọ jẹ àmàlà ní òpópónà Bissonnet ní Houston ṣáájú fláìtì alẹ́, nígbà yẹn ó yé mi.

METRO, bọ́ọ̀sì ìlú Houston, ò dé Galveston, kò sí rélùwéè tó ń kó èrò láti ibẹ̀ lọ Houston, táasí sì kéré. Ẹ má tiẹ̀ jókòó tì í.

Ó wá ku ẹ̀gbọ́n yín. Ọ̀pọ̀ wa ló ní èèyàn ní Houston àti agbègbè ẹ̀, bíi Alief, Richmond, Katy tàbí Pearland, wọ́n á sì ní "kí lẹ fẹ́ wọ Uber sí, ṣé mo kú ni?" Ti Pearland yé mi, Pearland àti Hobby ò jìnnà síra. Ti Katy, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n wa mọ́tò wá sí Galveston, kí wọ́n tún gbé yín lọ IAH, kí wọ́n tó padà sílé, ọjọ́ wọn ti lọ nìyẹn, epo ti lọ, ẹ ò sì ní lè fún wọn lówó torí wọ́n á bínú, ẹ máa ra nǹkan ẹ̀bùn tó wọ́n ju Uber lọ. Ọjọ́ Sunday ni ọkọ̀ tiwa gúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú choir, wọ́n ní àwọn á dé "lẹ́yìn praise and worship", a dúró lórí báàgì títí wọ́n fi ṣe ìwàásù àti ọrẹ méjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò wọ́n, ẹ ní kí wọ́n wá mú yín ní Hobby lọ sílé wọn nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wá wọ ọkọ̀, kì í ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá ń sáré fláìtì.

Èyí tó kù: níwájú èbúté, àwọn kan á sún mọ́ yín pé "airport, airport", wọ́n á ní kẹ́ ẹ fagi lé ti fọ́ọ̀nù kẹ́ ẹ fún àwọn ní kẹ́ẹ̀ṣì. Ẹ wo nọ́ńbà mọ́tò tó wà lórí fọ́ọ̀nù yín, ẹ wo ti iwájú yín, tí kò bá bára mu ẹ má fi báàgì kankan sínú búùtù ẹnikẹ́ni.