Àwọ̀ Wo Ló Yẹ Ilẹ̀kùn Iwájú Ilé Tí Ẹ Fẹ́ Tà? Ìfiwéra Fún Ẹni Tó Ń Lọ Ra Ọ̀dà

Ẹni tó fẹ́ ta ilé kì í sábà rówó kun gbogbo rẹ̀ tinú tòde. Owó ìwé ilẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, owó ajẹ́ǹtì ń bẹ níbẹ̀, òrùlé tó ń jò náà ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn iwájú wá ni ohun tí owó kékeré lè tún ṣe kíákíá. Iwájú rẹ̀ ni ẹni tó wá wo ilé máa dúró sí nígbà tí ẹ bá ń ṣí kọ́kọ́rọ́, ojú rẹ̀ á sì wà lára rẹ̀ títí ẹ ó fi ṣí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò iye ọ̀dà tó máa jẹ, torí ibẹ̀ lowó ti máa ń ṣòfò. Ilẹ̀kùn tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, tó sì ga tó mítà 2.1, kò pé mítà onígun mẹ́rin 2 lójú kan. Bí ẹ bá kùn ún tinú tòde lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì pé 8. Lítà gílọ́ọ̀sì kan, ìyẹn ọ̀dà tó ń dán, sì lè kun nǹkan bíi 10 sí 12. Lítà kan ti tó nìyẹn. Gálọ́ọ̀nù, tí í ṣe lítà 4, ti pọ̀ jù, àfi bí ẹ bá fẹ́ kun géètì mọ́ ọn. Bí ọ̀dà kò bá ti ju lítà kan lọ, ẹ má ra èyí tó rọjú jù. Ẹ ra ojúlówó.

Ní ti àwọ̀, mi ò ní fi èrò mi pamọ́: fún ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti àwọn àdúgbò Èkó tí títì wọn kò tíì ní ọ̀dà kóólítá, búráùn tó dúdú bíi kọfí ni mo fara mọ́. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀, pẹ̀lú ibi tí kò ti yẹ.

Dúdú àti búráùn

Amẹ́ríkà ni òkìkí ilẹ̀kùn dúdú ti wá. Ní 2018, iléeṣẹ́ Zillow, tó ń polówó ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, yẹ àwòrán ilé tó lé ní 135,000 wò. Wọ́n ní ilé tí ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀ dúdú tàbí tó ní àwọ̀ èédú lè fi tó dọ́là 6,271 ju iye tí wọ́n retí lọ. Látìgbà náà ni àwọn tó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ kò ti sinmi lórí dúdú, àwọn ajẹ́ǹtì wa náà sì ti gbà á.

Iye yẹn kì í ṣe ti wa. Ibi tí koríko ti bo iwájú ilé, tí títì sì mọ́, ni wọ́n ti rí i. Lọ́dọ̀ wa, erùpẹ̀ pupa ló ń fò. Tí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Kejìlá, ẹ nu ilẹ̀kùn dúdú láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán eruku á ti hàn lára rẹ̀, àmì ìka ọwọ́ á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó wá wo ilé kò mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni. Ohun tó máa rò ni pé kò sẹ́ni tó ń tọ́jú ilé náà.

Oòrùn náà tún wà. Dúdú ń fa ooru ju àwọ̀ yòókù lọ. Bí ilẹ̀kùn bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tó sì jẹ́ ti irin, á gbóná lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣí i ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Tó bá jẹ́ ti igi, ooru yẹn á máa gbẹ ẹ́, òjò á tún máa rin ín, títí pákó á fi bẹ̀rẹ̀ sí í lanu níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ló wá burú jù. WhatsApp ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọ́kọ́ rí ilé báyìí. Nínú àwòrán, ilẹ̀kùn dúdú tó wà lábẹ́ bàráǹdà máa ń dà bí ihò lára ògiri. Gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára rẹ̀ á pòórá.

Búráùn kò ní ìyọnu wọ̀nyí. Ohun tó ń fún búráùn ní àwọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ni èròjà ìpẹtà irin, irú èyí tó sọ ilẹ̀ wa di pupa. Ìpẹtà ti bá oòrùn àti afẹ́fẹ́ pàdé tán, kò sóhun tí oòrùn tún fẹ́ ṣe fún un mọ́. Ìdí nìyẹn tí búráùn kì í fi tètè ṣá. Bí eruku pupa bá bà lé e, kò hàn púpọ̀. Ó bá ògiri kírímù mu, ó bá páànù aláwọ̀ wáìnì mu, ó sì bá ilẹ̀kùn onígi mu débi pé ẹlòmíràn á rò pé àwọ̀ igi gan-an ni.

Ṣùgbọ́n búráùn kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún, ìyẹn búráùn tó fẹ́ẹ́rẹ́ tó sì pọ́n. Ó jọ ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí àwọn wẹ́dà ń kùn sára irin kí ó má baà dípẹtà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé á rò pé owó tán yín lọ́wọ́, ẹ sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lágbede méjì. Èyí tó jọ kọfí tàbí kòkó tí wọ́n ti sá gbẹ ni kí ẹ mú.

Níbi tí dúdú ti borí: ilé tí ògiri rẹ̀ funfun tàbí tó ní àwọ̀ eérú, tí wọ́n ti fi ìntálọ́ọ̀kù bo gbogbo àgbàlá, tí òrùlé rẹ̀ náà dúdú, tí bàráǹdà rẹ̀ fẹ̀ tó láti gba oòrùn dúró, tí iná sì wà lókè ilẹ̀kùn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Lẹ́kkí àti láwọn ẹ̀sítéètì tuntun. Níbẹ̀, búráùn á jọ ti àtijọ́.

Funfun àti kírímù

Mi ò ní pẹ́ níbí. Gílọ́ọ̀sì funfun tó jẹ́ olóròóró máa ń pọ́n bó bá ti pẹ́, pàápàá lójú tó wà nínú ilé tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé. Ìdọ̀tí ọwọ́ á yí ibi kọ́kọ́rọ́ ká láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kírímù sàn díẹ̀, àmọ́ ògiri tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa kírímù ni, ilẹ̀kùn á kàn wọ inú ògiri lọ ni. Bí ògiri yín bá jẹ́ búráùn tàbí àwọ̀ eérú tó ṣókùnkùn, ẹ lè gbà á wò.

Pupa àti wáìnì

Pupa tó ń tàn yòò dára lójú fún sáà díẹ̀, lẹ́yìn náà oòrùn á fà á lọ sí ọ̀dọ̀ àwọ̀ osùn tó ti ṣá. Ìdí kejì ló ká mi lára jù. Ní Èkó, ọ̀dà pupa ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń fi sàmì X sára ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó tàbí tí ìwé rẹ̀ kò pé. Ẹni tó ń wá ilé rà mọ àmì yẹn dáadáa, ojú rẹ̀ sì ń wá a kiri. Ẹ má fi pupa kan ilẹ̀kùn kó máa rán an létí. Bí irú àmì bẹ́ẹ̀ bá sì wà lára ilé yín lóòótọ́, ẹ má kun nǹkan kan lé e. Ẹ lọ yanjú rẹ̀ lọ́fíìsì, kí ẹ sì fi ìwé rẹ̀ han olùrà.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba èyí tó jọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri wọn nígbà kan rí pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí àwọn oníjìbìtì má baà tà á lẹ́yìn onílé. Tí ẹ bá wá fẹ́ tà á báyìí, tí ẹ sì kun ilẹ̀kùn tuntun, tí lẹ́tà yẹn ṣì ń yọ lábẹ́ ọ̀dà ògiri, ilẹ̀kùn kò lè gbà yín sílẹ̀. Ẹ fi sáńpépà ha lẹ́tà náà, ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ bò ó, kí ẹ tó kun ògiri. Ó ṣe pàtàkì ju ilẹ̀kùn lọ.

Wáìnì yàtọ̀ sí pupa. Ó ṣókùnkùn, ó níyì, tí òrùlé bá sì jẹ́ páànù aláwọ̀ wáìnì, á dà bí ẹni pé ẹni kan náà ló yan gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Òun ni mo máa fi tẹ̀ lé búráùn.

Àwọ̀ ewé tó dúdú àti aró

Àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn dára gan-an bí òdòdó àti igi bá wà níwájú ilé, bí òrùlé bá sì jẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ eérú. Ẹ má gbé e sábẹ́ òrùlé wáìnì o, àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn jà.

Aró ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwọ̀ tó wà láyé. Ẹni tó bá ti rìn kọjá ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, tó rí àdìrẹ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lọ́ rẹrẹẹrẹ, á mọ ohun tí mò ń wí. Síbẹ̀, mi ò ní ní kí ẹni tó fẹ́ ta ilé kùn ún. Ojú olùrà ni ẹ ń wá, kì í ṣe tiyín, aró sì jẹ́ àwọ̀ tí ẹnì kan á fẹ́ràn tọkàntọkàn tí ẹnì kejì á sọ pé òun máa ní láti tún un kùn. Nínú fọ́tò, aró tó jìn máa ń jọ dúdú, ìyọnu dúdú á sì tẹ̀ lé e.

Irú ọ̀dà wo?

Àwọ̀ tó dára lórí ọ̀dà tí kò yẹ, ìnáwó lásán ni. Ìmọ́ṣọ̀nù olómi ti ògiri kò sí fún ilẹ̀kùn, á máa bó bí wọ́n bá ti ń fọwọ́ kàn án. Gílọ́ọ̀sì olóròóró ló wọ́pọ̀ jù, ó dára fún igi àti irin. Ó ń dán, èyí tó mú kó rọrùn láti nù, àmọ́ dídán yẹn náà ló ń fi gbogbo gọngọ ara pákó hàn. Bí ilẹ̀kùn bá ti gbó, ẹ wá èyí tí dídán rẹ̀ mọ níwọ̀n. Àwọn péńtà kan máa ń fi epo bẹntiróòlù là á kó lè tètè gbẹ. Ẹ kọ̀ fún wọn: dídán á lọ, iná sì lè ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó gba wákàtí 16 sí 24 láàárín ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì.

Fún ilẹ̀kùn irin tí wẹ́dà ṣe, sìpíréè bíi ti mọ́tò máa ń jáde dán mọ́rán ju búrọ́ọ̀ṣì lọ, ó kàn wọ́n ni. Yálà ẹ fín in tàbí ẹ kùn ún, ẹ ha ìpẹtà kúrò ná, ẹ fi red oxide, ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, ṣe ìpìlẹ̀. Ilẹ̀kùn igi tó bá jẹ́ ìrókò tàbí máhógánì tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáká, ẹ má kun ọ̀dà kankan sí i rárá. Fánìṣì ni kí ẹ fún un, torí igi gidi fúnra rẹ̀ ń fowó kún ilé.

Ilẹ̀kùn Ṣáínà tí wọ́n ti ya bí igi láti iléeṣẹ́ ńkọ́? Ẹ fi aṣọ tútù àti ọṣẹ nù ún, ẹ pààrọ̀ ọwọ́ rẹ̀ bó bá ti já, ó tán. Búrọ́ọ̀ṣì á bà á jẹ́ ni.

Kí ẹ tó ṣí agolo, ẹ fi ìdí ṣúkúdíráfà kan ìsàlẹ̀ férémù. Bó bá rọ̀, tàbí tó dún bí ohun tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ikán ti dé ibẹ̀. Ọ̀dà kò lè bo ikán. Ẹni tó bá mú káfíńtà dání wá wo ilé á rí i, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ pé kí ni ẹ tún kun ọ̀dà bò. Ẹ pààrọ̀ férémù, ẹ wá kùn ún.

Bí ọ̀dà àtijọ́ bá pọ̀ lórí ara wọn, ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó fi sáńpépà ha á, torí òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé àtijọ́, eruku rẹ̀ sì ń pa ọpọlọ ọmọdé lára. Kí àwọn ọmọ kúrò nítòsí.

Fún ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston

Dúdú lè bá yín lára mu, eruku pupa kò sí lọ́dọ̀ yín. Òfin ni kí ẹ ṣọ́. Bó bá jẹ́ fúláàtì lẹ́ ń tà ní Ìlú Ọba, ẹ ka ìwé lísì yín, ìyẹn ìwé àdéhùn tó wà láàárín ẹ̀yin àti onílẹ̀, kí ẹ tó kun ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn fúláàtì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe láti dá iná dúró, onílẹ̀ sì lè má gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀kùn uPVC, ìyẹn ilẹ̀kùn oníke, kì í gba gílọ́ọ̀sì lásán, ọ̀dà tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹ̀sítéètì yín bá ní HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé, wọ́n lè ní àwọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ béèrè ná. Bí ilé náà bá sì ti wà ṣáájú 1978, òfin ibẹ̀ ní kí olùtà sọ ohun tó bá mọ̀ nípa ọ̀dà olójé fún olùrà.

Kí ẹ tó sanwó ọ̀dà

Ẹ kun ilẹ̀kùn ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó wá wò ó, torí òórùn ọ̀dà tuntun máa ń mú olùrà fura. Ẹ má kùn ún lọ́jọ́ òjò, ẹ má sì kùn ún nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ eruku kiri. Láti ìparí oṣù Kẹwàá wọ inú oṣù Kọkànlá ló dára jù. Ẹ tú ọwọ́ ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ kúrò, ọ̀dà tó bá kan wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ ìkánjú ni.

Bí àwọ̀ méjì bá ṣì ń fà yín síbí sọ́hùn-ún, ẹ ra agolo kékeré ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kun pákó plywood méjì, kí ẹ sì gbé wọn ti ara ilẹ̀kùn. Ẹ fi fóònù ya wọ́n ní aago mẹ́jọ àárọ̀, aago méjì ọ̀sán àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, láti ibi tí géètì wà. Ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ ilé yẹn rí, kó sọ èyí tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà lé. Òun ni kí ẹ lọ ra lítà rẹ̀.