Àgbékọ́ mọ́ọ̀pù fún balùwẹ̀ kékeré: ti gọ́ọ̀mù àbí ti skru?

Àgbékọ́ ara ògiri tó ń fi rọ́bà méjì di ọ̀pá mọ́ọ̀pù mú wúlò gan-an níbi tí àyè ò ti sí.

Ti gọ́ọ̀mù kò wọ́n, ó sì dára lórí táìsì tó ń dán. Ẹ fi sípíríìtì nu ojú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gírígírí, kó sì lo wákàtí 24 kí ẹ tó gbé nǹkan kọ́ ọ. Lára ọ̀dà, tòun ti ọ̀dà ló máa já bọ́. Bó bá gun ìlà símẹ́ǹtì tó wà láàárín táìsì, omi á gba ibẹ̀ wọlé, gọ́ọ̀mù á sì tú.

Ti skru la fara mọ́, torí mọ́ọ̀pù tó rin gbingbin wúwo. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ táìsì kí ẹnu dírììlì má baà yọ̀. Ẹnu mílímítà 6 ló bá físà 6 mu (físà ni ike tí à ń kì sínú ihò kí skru lè dì mú). Ẹ má tan hámà dírììlì títí yóò fi la táìsì kọjá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ táìsì á sán. Ẹ má sì lu ìhò sókè ẹ̀rọ omi gan-an, páìpù sábà máa ń gba ibẹ̀.

Orí mọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ga kúrò nílẹ̀ kó lè ro dáadáa. Ọwọ̀ ò lè wọ inú rọ́bà yẹn, ó ti tóbi jù: ẹ so okùn mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ fi kọ́ ìkọ́ ẹ̀gbẹ́. Bọ́rọ́ọ̀ṣì ṣáláńgá gbọ́dọ̀ ní ìkọ́ tirẹ̀, kó jìnnà sí mọ́ọ̀pù.

Sípíríǹgì inú àgbékọ́ náà ló kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́, torí ọ̀rinrin ń mú un dípẹtà.